Òógùn Tí Kò Níyọ̀

"Mo sáré débi pé atẹ́gùn bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun mí! Ẹṣin tá a jọ gbéra ṣì ń húkọ́ bọ̀ lẹ́yìn!"

Ikùn télọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, kí òun alára tó tẹ̀ lé e, omi ń kán lára rẹ̀ tótó. Dókítà ló ní kó máa sáré láràárọ̀, bí kò bá fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ kò tíì sún ihò kan ṣoṣo, ara sì ti ń fu ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tọ́ omi náà wò. Kò níyọ̀.

"Bàbá Ìbejì, òógùn wo ló tutù bí omi kànga?"

"Eré àsápajúdé ni, Ìyá Ìbejì! Ó ti kọjá ooru!"

"Ẹ yíjú sọ́hùn-ún ná."

Ó yíjú. Ṣọ́ọ̀kì búlúù tó fi sàmì sára ṣòkòtò oníbàárà lánàá ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbàgàdà.

"Háà! Orí tábìlì ṣọ́ọ̀bù lẹ ń lọ sùn sí láràárọ̀!"

Ìyàwó fa rúlà onígi ọkọ rẹ̀ yọ. Télọ̀ fò jáde, ó gba ojú pópó lọ bí ẹni tí oyin ń lé, òógùn gidi ń fọ ṣọ́ọ̀kì dànù lójú rẹ̀.

"Ẹ má dúró o!" ni ìyàwó ń pariwo tẹ̀ lé e. "Èyí gan-an ni dókítà wí!"