Àmì Omi Lára Òpó

Nígbà tí ìjà láàárín àwọn abúlé etí odò lé àwọn ará abúlé kan nítòsí Awoye lọ sí Igbókòdá, ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló kù sẹ́yìn, Mosúnmọ́lá. Ó ní òun ti dàgbà ju ẹni tí ń sáré lọ.

Òun ni Lawrence bá níbẹ̀. Ilẹ̀ ni Lawrence ń wá, tí yóò kọ́lé sí fáwọn òṣìṣẹ́ epo. Báǹkì sì ti kìlọ̀ fún un pé òkun ń jẹ etí ilẹ̀, àwọn kò ní í yá ẹnikẹ́ni lówó kọ́ ilé tí omi lè gbé kí ọgbọ̀n ọdún tó pé. Ó ti ta ilé bàbá rẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí. Bí kò bá bọ́ sí i, òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta kò níbi tí wọn yóò forí pamọ́ sí.

Orí òpó igi ni ilé ìyá náà wà, bíi gbogbo ilé ibẹ̀. Lawrence rí ilà tí wọ́n fi àdá fà sára òpó kan, ó lé ní ogójì.

“Ìyá, kí ni ìwọ̀nyí?”

“Ibi tí omi ga dé lọ́dọọdún ni, ọma mi. Ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó kú, mo ń bá a lọ.”

Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, omi kò kọjá orúnkún rí. Ohun tó ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti dúpẹ́. Ó ya fọ́tò òpó náà fún báǹkì.

Ó tukọ̀ lọ sí Igbókòdá, ó bá àwọn tó sá lọ nínú ọgbà ilé ìwé tí wọ́n ń sùn, ó sì fajú ro.

“Ẹ má tan ara yín. Kí ọdún márùn-ún tó pé, òkun á ti gbé ilẹ̀ yẹn. Ẹ gba ohun tí mo bá fún yín.”

Wọ́n wo ara wọn. Kíá ni wọ́n tẹ̀ka sínú ìwé títa ilẹ̀. Lawrence fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sí wọn lójú.

Báǹkì fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìjà rọlẹ̀, ogún ilé bíríkì dìde, ó sì kó aya àtọmọ sínú àkọ́kọ́. Ó fi Mosúnmọ́lá sílẹ̀ síbi tó wà. Ó ní ikú á bá òun lé e kúrò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó bá ìyá náà tó ń walẹ̀ yí òpó rẹ̀ ká, ó béèrè ohun tó ń ṣe.

“Omi ti kan orúnkún lánàá, sẹ́yìn ni mò ń ru ilé mi lọ bí a ṣe máa ń ṣe,” ni ìyá náà wí, ó wá nawọ́ sí agbami, níbi tí ọkọ̀ epo ńlá kan dúró sí lọ́ọ̀ọ́kán, “ọ̀hún yẹn lọkọ mi ti kọ́kọ́ ri òpó yìí mọ́lẹ̀.”