Ìgbésẹ̀ Kan Ṣoṣo

Nígbà tí àwọn ṣójà ìjọba àpapọ̀ wọ Port Harcourt lọ́dún 1968, Akínfẹ́nwá nìkan ló kù tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn bólìn, eré yíyí bọ́ọ̀lù wó igi, tí àwọn òyìnbó elépo fi sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọ̀gá ṣójà kan tó ń jẹ́ Ilésanmí wọlé, ó ń wo ilẹ̀ pákó tó ń dán.

"Ta ló tún ń gbé níbí?"

"Èmi nìkan ni, sà. Ìyàwó mi ti bá àwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ."

"Àwọn ọmọ ogun mi ń sùn lórí sìmẹ́ńtì ní Borokiri. A ó tú pákó yìí fi kan bẹ́ẹ̀dì. Àfi bí eré yín yìí bá dùn ju oorun lọ."

Ó gbé bọ́ọ̀lù ńlá kan, ó fẹ̀yìn rìn títí dé ẹ̀bá ògiri ẹ̀yìn, ó sì fi bàtà ṣójà sáré wá. Bọ́ọ̀lù yà sí kòtò ẹ̀gbẹ́. Igi mẹ́wàá tó wà lọ́hùn-ún ò tilẹ̀ mì. Ló bá tún ń padà sẹ́yìn.

Akínfẹ́nwá mọ̀ pé ẹni tó ga tó báyìí, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló bá a mu, kó rọra bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí apá àtẹsẹ̀ jọ máa bọ̀.

"Ẹ má sáré, sà." Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. "Ìgbésẹ̀ kan ló yẹ yín. Ẹ bọ́ bàtà, kẹ́ ẹ dúró síbí, nítòsí ìlà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù."

"Ṣé arúgbó ni mí ni?"

"Eré sísá ló ń yí yín lọ́wọ́ padà, sà. Ẹ fi apá sẹ́yìn, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ."

Ilésanmí bọ́ bàtà, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀lù yí lọ, ó wó díẹ̀ nínú igi náà. Ilésanmí bojú wẹ̀yìn.

"Bí mo bá sáré díẹ̀, yóò lágbára ju báyìí lọ."

Akínfẹ́nwá ti lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, lójú ọ̀nà ògiri. "Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n kò ní lọ tààrà."

Ilésanmí yíjú padà sí ìlà. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo igi tó kù ló wó.

"Na wa," ló wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó nawọ́ sí bàtà rẹ̀, ó ké sí awakọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Sọ fún wọn kí wọ́n wá pákó níbòmíràn. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sáré nínú gbọ̀ngàn yìí."

Nígbà tí ìró mọ́tò wọn ti lọ pátápátá, Akínfẹ́nwá kúnlẹ̀ lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, ó ṣí pákó sókè, ó sì na omi sí Hannah, ìyàwó rẹ̀ ọmọ Íbò, tó dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn ibẹ̀, tó fi ọmú dí ọmọ wọn lẹ́nu.