Afárá Odò Ọya

Ní ìdílé wa, bí a bá ń gbé òkú rìnrìn àjò, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló máa ń jókòó tì í, tí á máa pè é lórúkọ lórí gbogbo afárá kí ó má baà ṣẹ́kù sẹ́yìn. Fọlárànmí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ kú sí Àbújá, ó ní wákàtí kan péré ni bàálù ń gbà dé Ìbàdàn, òun kò lè fi odidi ọjọ́ kan jókòó ti pósí lójú títì. Ó fa òkú lé Jímọ̀ awakọ̀ lọ́wọ́, ó bá bàálù lọ.

Ó ti wà ní ilé ìyá náà ní Ìbàdàn, ilẹ̀ sì ti ṣú, nígbà tí Jímọ̀ pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí mo ti kọjá afárá Odò Ọya ni ọkọ̀ yìí ti fúyẹ́. Mi ò lè wẹ̀yìn."

Kí ó tó fèsì, ó gbọ́ tí ẹnìkan ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá rẹ̀ wọlé, ó jókòó sórí àga rẹ̀. Aṣọ òkú ọrùn rẹ̀ ti pọ́n fún eruku, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti bó.

"Ẹ kú ìrìn, mà," ni Fọlárànmí wí, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn lè sọ.

"Mo pọ̀n ọ́ lọ oko, n kò ka ọ̀nà," ni ìyá wí. "Mo dúró lórí afárá kí o pè mí. Nígbà tí n kò gbọ́ ohùn rẹ, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Ó wá ku afárá tìẹ."

Iná lọ. Lábẹ́ símẹ́ńtì yàrá náà, Fọlárànmí gbọ́ tí odò ńlá ń ṣàn. Ó dúró nínú òkùnkùn, ó ń retí kí ẹnìkan pe orúkọ òun.