Àwọ̀ Epo Lára Ògiri

"Kí ló dé tí Màmá kì í pe èmi?"

Àtùpà ìpè Àǹtí Rayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn lára ògiri pálọ̀, ó pọ́n bí epo. Àwọ̀ Màmá wa nìyẹn, àǹtí mi sì ti ń bá a rẹ́rìn-ín. Nínú ilé gogoro yìí, òfin ò gbà kí ìpè dún. Okùn dígí tín-ín-rín kan ṣoṣo ló ń gba inú ògiri gbé ohùn, àwòrán àti ìwé wá bá kálukú, àwọ̀ iná ló sì ń sọ ẹni tó ń peni.

Láti ìgbà tí mo ti kó wá bá Àǹtí Rayọ̀ gbé, n kò rí i kí àwọ̀ epo tàn ní yàrá mi rí. Mo ti tú àpótí okùn náà wò. Mo wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, kò dín rárá. A jẹ́ pé Màmá ti yan ọmọ tó wù ú nìyẹn.

Àǹtí Rayọ̀ yíjú sí mi. "Ó ní ìwọ lo kì í gbé ìpè òun."

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ Màmá."

"Òjòwú! Ó ní ṣé dàńṣíkí tóun rán sí ẹ bá ẹ mu? Ó tún fẹ́ pè ẹ́ báyìí."

Mi ò tíì wọ̀ ọ́ rí. Ọjọ́ tí mo kó dé ni mo ti fi kọ́ ara ògiri. Mo fi ìbínú wọ yàrá lọ láti ká a, kí Àǹtí Rayọ̀ lè dá a padà fún Màmá.

Mo fà á kúrò. Lára ògiri tí dàńṣíkí náà ti bò, àtùpà mi ń tàn, ó pọ́n bí epo.