Ògiri Tí Kì Í Gba Irọ́

Tíṣà Oyèkúnlé ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí a ṣe ń sọ ohun tí a ti ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Ògiri kíláàsì náà máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ: bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òótọ́, a tan iná àwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ irọ́, a tan pupa. Àpẹẹrẹ tó máa ń lò lọ́dọọdún ló tún mú wá: ó ní òun ti lọ kí ìyá òun tó ń ṣàìsàn.

Ògiri pọn fòò.

Ojú gbà á tì. Àdùnbí, ọmọ iwájú, ní, "Sà, ẹ pè wọ́n."

Ó fi fóònù pe ìyá rẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn gbọ́ ohùn rẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ara yín ńkọ́?"

"Ara mi ti yá, ọmọ mi. Má dààmú ara ẹ."

Ògiri tún pọn.