Idà Tí Mo-ti-gbọ́ Rọ

Agẹrun kan wà tí etí rẹ̀ kì í dúró de ẹnu ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bí èèyàn bá ti la ẹnu pé, "Ṣé o rí i...", yóò ti dáhùn pé, "Mo ti gbọ́!" Kí ló gbọ́? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Báyìí ni àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-gbọ́, tí òun náà sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni pé oyè ni. Oníbàárà á ní kó bá òun gẹ ẹ̀gbẹ́ kó fi àárín sílẹ̀, Mo-ti-gbọ́ á gẹ àárín, á fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, á tún ní, "Ẹ wo dígí, ẹ ti padà di ọ̀dọ́!"

Tó bá jẹ́ orí olórí nìkan ló ń bà jẹ́, irun ṣáà ń hù. Àfi ìgbà tó gbé etí dídi rẹ̀ wọ inú géèmù.

Orí ayélujára ni géèmù náà wà. Ayé inú rẹ̀ kún fún dírágónì, iwin àti òmìrán, àwọn èèyàn sì máa ń kóra jọ lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ láti lọ bá wọn jà. Ìyàwó Mo-ti-gbọ́, tíṣà tí ohùn rẹ̀ kì í dé ẹ̀yìn kíláàsì, ni jagunjagun tó ń ṣíwájú ẹgbẹ́ tiwọn. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti ń tọ́ jagunjagun yìí dàgbà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ìyá ìyàwó náà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni alágbẹ̀dẹ ẹgbẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Màmá tó máa ń wá awò ojú kiri ilé nígbà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló wà, nínú géèmù, ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, irùngbọ̀n rẹ̀ balẹ̀ dé ìdodo.

Nígbà tó yá, dírágónì òkè iná jí. Ẹni tó bá kú lọ́wọ́ ẹ̀dá yìí kò ní jí mọ́ láé, gbogbo ohun tó ti kó jọ á pòórá. Àsìkò yẹn gan-an ni dókítà ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú Màmá. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ ohun ìjà rírọ kí ogun tó dé.

"Èmi rèé!" ni Mo-ti-gbọ́ wí.

Màmá jókòó tì í lórí àga, ó ń tọ́ka sí fóònù. "Àna mi, fara balẹ̀. Jẹ́ kí irin pọ́n bí ọsàn tó pọ́n kó o tó lù ú. Tó o bá lù ú tán, rì í bọ omi. Á máa dán, á sì wù ọ́. Àmọ́ kò tíì tán o. Wàá dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kó..."

"Mo ti gbọ́, Màmá! Á máa dán!"

"Àmọ́ ni mo sọ."

"Màmá, ẹ lọ sinmi ojú yín."

Bí Mo-ti-gbọ́ ṣe sọ ṣọ́ọ̀bù di ilé arọ nìyẹn. Ó gbé fóònù ti dígí, ó ń fi ọwọ́ kan gẹrun, ó ń fi ìkejì lu irin. Oníbàárà tí Mo-ti-gbọ́ gẹ ìlàjì orí rẹ̀ pariwo pé, "Ọ̀gá, orí mi ńkọ́?"

"Ẹ ní sùúrù, irin mi ti gbóná."

"Orí tèmi náà ti ń gbóná báyìí o!"

Ó rọ idà, ó rọ ọ̀kọ̀, ó rọ àáké. Ó ń rì wọ́n bọ omi, ó ń yọ wọ́n, wọ́n ń kọ mànà. Kò dá ẹyọ kan padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára gbogbo wọn. Àwọn ẹgbẹ́ ń jó, wọ́n ń pè é ní baba irin.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Ọkọ mi, ṣé bí Màmá ṣe ní kẹ́ ẹ ṣe é lẹ ṣe é?"

"Ṣé o ò rí bó ṣe ń dán ni?"

"Èyí tí mo bi yín kọ́ nìyẹn."

Ọ̀sán ọjọ́ ogun pé. Ìyàwó wà ní yàrá, ọkọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, fóònù so ohùn wọn pọ̀. Dírágónì yán, ìyàwó fò sókè, ó ṣá a lọ́rùn. Kán-ún! Ohùn kan sì dún káàkiri ayé géèmù náà, torí bí wọ́n ṣe ń kéde ohun ìjà tó bá ṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn: "Idà tí Mo-ti-gbọ́ rọ ti ṣẹ́." Ẹlòmíì ju ọ̀kọ̀. "Ọ̀kọ̀ tí Mo-ti-gbọ́ rọ ti ṣẹ́." Ẹlòmíì gbé àáké. "Àáké tí Mo-ti-gbọ́ rọ ti ṣẹ́." Àwọn tó wà ní ìlú òdìkejì, tí kò mọ nǹkankan nípa ogun, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkọ mi, èèkù nìkan ló kù lọ́wọ́ mi o!"

"Mo ti gbọ́..."

Dírágónì fẹ́ná.

Nígbà tí Mo-ti-gbọ́ sáré délé, ìyàwó rẹ̀ ti da fóònù bolẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Jagunjagun rẹ̀ ti lọ láìlábọ̀. Màmá, tí báńdéèjì bo ojú rẹ̀ kan, ní, "Àna mi, irin tó kàn dán lásán, tí a kò dá padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó rọ̀ díẹ̀, bí àwo tánganran ló ń fọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ kó o tó lé mi lọ sinmi."

Ẹgbẹ́ gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ yọjú sí ilé arọ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ ní abúlé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, láìwọ bàtà, tòun ti igi ìgbálẹ̀, ó ń lé adìẹ kiri. Mo-ti-gbọ́ sì nìyẹn lẹ́yìn rẹ̀, ó ru àpò, ó ń ṣa ìyẹ́. Ẹni tó bá kọjá á bú sẹ́rìn-ín pé, "Baba irin, ẹ kú iṣẹ́ adìẹ o!" Bó bá fẹ́ fèsì, ìyàwó á ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ ṣa ìyẹ́ yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé kí ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ jẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ dé òpin, torí ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí ni iṣẹ́ máa ń wà. Kí a má ṣe jẹ́ kí dídán iṣẹ́ tàn wá pé iṣẹ́ ti pé. Ìkánjú wa kì í sì í pa àwa nìkan lára. Ẹni tó fọkàn tán wa, tó gba ohun tí a ṣe, tó gbé e dúró níwájú ewu, òun ni iná máa ń kọ́kọ́ jó.