Àga Agùntáṣọọ́lò

Káfíńtà náà kò jókòó. Ó kí ọ̀gá, ó fa téèpù yọ, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àga tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ó wọn ẹ̀yìn, ó wọn apá, ó wọn ibi ìjókòó dé ilẹ̀. Ó tilẹ̀ wọn igi mẹ́rin tí wọ́n kàn mọ́ ẹsẹ̀ àga náà nísàlẹ̀, nítorí pé ọ̀gá ga, orúnkún rẹ̀ sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n lórí àga tí gbogbo ayé ń jókòó lé. Agùntáṣọọ́lò ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ àti lójú rẹ̀.

Ó bi káfíńtà léèrè ẹni tó rán an.

“Àwọn ará òkè ni, sà. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀.”

Òkè ni àjà kẹrin, níbi tí ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ náà ti ń ṣèpàdé. Olùdarí àgbà yóò fẹ̀yìntì ní ìparí oṣù. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé ìta ni wọn yóò ti mú ẹlòmíràn wá, ẹni tó bá sì ti ìta wá kì í dá wá. Ó máa ń kó èèyàn tirẹ̀ lẹ́yìn ni. Ọ̀rọ̀ náà yé Agùntáṣọọ́lò. Wọ́n ti rí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti fẹ́ pààrọ̀ àga mọ́ ọn lábẹ́. A kì í wọn àga lábẹ́ ẹni kí ẹni máa sùn.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti fi ṣe olórí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń po ọṣẹ, kò sì sí ẹ̀ka tó ta á yọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó yọ pátákó tí wọ́n kọ ìwọ̀n àpòpọ̀ ọṣẹ sí kúrò lára ògiri, ó da ìwọ̀n náà kọ sínú ìwé pélébé kan, ó sì ti ìwé náà bọ àpò. Nígbà tí igbákejì rẹ̀ béèrè pátákó, ó ní kó lọ to páálí ní yàrá ìkẹ́rùsí.

Nílé, ó rò ó fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ní bóyá ká ní ó ti kọ́ igbákejì yẹn níṣẹ́ látọjọ́ yìí ni, ọkàn tirẹ̀ náà ì bá balẹ̀.

“Ọmọ tí a kò kọ́...” ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀.

“Èyí tí mo bá kọ́ gan-an ló máa gbé àga mi tà.”

Ó ní kó wo Ìyá Ìsinmi, olórí ẹ̀ka tó ń pín ọjà, obìnrin kúkúrú kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń fì lábẹ́ àga nínú ìpàdé bí ẹsẹ̀ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Lọ́dọọdún ló ń gba ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin, ọkọ̀ ọjà kan kì í sì í tìtorí ẹ̀ pẹ́. Èèyàn mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀ ló lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìwo ìwé.

“Iṣẹ́ tó ń lọ geere tí ọ̀gá ò sí níbẹ̀,” ó ní, “kí ni wọ́n ń fi ọ̀gá ibẹ̀ ṣe?”

Ó dá a lójú pé ẹni tí wọ́n máa lé tẹ̀ lé òun nìyẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ránṣẹ́ pé ibà dá òun dúbúlẹ̀. Ó jókòó sí pálọ̀, ó ń wo fóònù. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, igbákejì ti pè é lẹ́ẹ̀meje. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀rọ ti dúró, ọṣẹ ti dì sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ṣọ́bìrì họ ọ́. Aláìsàn jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ pè é. Wọ́n gbé omi tútù síwájú rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i ju bó ṣe retí lọ. Alága, àgbàlagbà kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, yin iṣẹ́ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun kan ṣoṣo.

“Tá a bá gbé ọ kúrò níbi tó o wà lọ́la, ta ló máa bọ́ síbẹ̀?”

“Kò sí, sà.”

“Rò ó dáadáa o. Igbákejì rẹ ńkọ́?”

“Ẹ bi í ní ohun tójú ẹ̀ rí lánàá, sà.”

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Alága tún béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ìdáhùn kan náà ló gbà. Ó pa fáìlì dé.

“Ó dáa,” ó ní. “A ò ní gbé ọ kúrò níbẹ̀.”

Díẹ̀ ló kù kí Agùntáṣọọ́lò jó sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹrin. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹni tí kò ṣeé pààrọ̀ nìkan ló ń jẹ́ ọ̀gá, ìyàwó sì kí i kú oríire.

Ní ọjọ́ Ajé kejì oṣù tuntun, káfíńtà tún gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ kọjá, ó gbé ayùn lọ́wọ́, ó ń lọ sí àjà kẹrin, nítorí pé Ìyá Ìsinmi, olùdarí àgbà tuntun, ti ránṣẹ́ pé kó wá gé díẹ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ àga òun, ìwọ̀n àga Agùntáṣọọ́lò ni ìgbìmọ̀ ti ní kó fi kàn án tẹ́lẹ̀.